Orí Kẹrin: Ríra Kámẹ́rà Mirrorless Nígbà tí Owó Kò Pọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra kámẹ́rà àkọ́kọ́ rẹ̀ sábà máa ń béèrè pé èwo ló dára jù. Orí yìí kò ní dáhùn ìbéèrè náà, nítorí kámẹ́rà tó tẹ́ ẹni tó ń ya fótò ọmọ tuntun lọ́rùn lè di ìyà fún ẹni tó ń gba ìwàásù wákàtí méjì sílẹ̀. Ìbéèrè tí a fi rọ́pò rẹ̀ nìyí: kí ni nǹkan tó jẹ́ pé bí kò bá sí lára kámẹ́rà lọ́jọ́ tí a rà á, a kò tún lè rí i rà kún un mọ́? Iná ṣeé rà lọ́dún tó ń bọ̀. Bátìrì ṣeé rà. Lẹ́ńsì ṣeé yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n sẹ́ńsọ̀, ẹnu tí lẹ́ńsì ń wọ̀, ihò máìkì, àti ọgbọ́n tí kámẹ́rà fi ń dá ojú ènìyàn mọ̀, bí wọ́n bá ṣe wà lọ́jọ́ ìrajà ni wọn yóò ṣe wà títí. Ibẹ̀ ni kí owó kékeré kọ́kọ́ lọ. Fún ìyókù, a lè ní sùúrù.

Dígí tí wọ́n yọ kúrò

Nínú kámẹ́rà DSLR, dígí kan dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀ níwájú sẹ́ńsọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú lẹ́ńsì wọlé á kọlu dígí yìí, á sì yà lọ sókè sí ihò tí ayàwòrán ń yọjú sí. Bí a bá tẹ bọ́tìnì, dígí á fò sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè dé ara sẹ́ńsọ̀, lẹ́yìn náà á padà sí àyè rẹ̀. Púpọ̀ nínú ariwo tí a máa ń gbọ́ lára kámẹ́rà àwọn àgbà ayàwòrán, dígí yìí ló ń pa á.

Ní 2008, Nikon gbé D90 jáde, DSLR àkọ́kọ́ tó ń gba fídíò. Canon 5D Mark II tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà. Bí fídíò bá ti ń lọ lórí irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, dígí gbọ́dọ̀ dúró sókè, ihò ìwòran a sì ṣókùnkùn biribiri. Ọdún yẹn náà ni Panasonic mú Lumix G1 wá, kámẹ́rà àkọ́kọ́ nínú ètò Micro Four Thirds tí òun àti Olympus jọ dá sílẹ̀. Wọ́n yọ dígí dànù pátápátá, ìyẹn ni a fi ń pe irú rẹ̀ ní mirrorless. Sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń wo ayé nígbà gbogbo, ohun tó bá sì rí ló ń gbé sórí sikírínì ẹ̀yìn tàbí sikírínì kékeré inú ihò ìwòran. (G1 yìí alára kò gba fídíò o, GH1 ti 2009 ló bẹ̀rẹ̀ ìyẹn.)

Ohun tí ìyípadà yìí ṣe fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ju kí kámẹ́rà kàn fúyẹ́ lọ. Èkíní, fótò tí a fẹ́ yà hàn sí wa kí a tó tẹ bọ́tìnì: bí ojú ìyàwó bá ti ṣókùnkùn jù nítorí fèrèsé tó wà lẹ́yìn rẹ̀, a ti rí i ná. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa tètè mọ iṣẹ́ lọ́nà yìí ju bó ṣe rí láyé DSLR lọ. Èkejì kò dùn mọ́ni: sẹ́ńsọ̀ àti sikírínì kì í sinmi, bátìrì a sì máa tètè tán. NP-FW50 tí Sony A6000 àti ZV-E10 ń lò jẹ́ 1020 mAh péré. NP-FZ100 inú A6600 jẹ́ 2280 mAh. Ẹni tó bá ra ti àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ka bátìrì méjì sí i mọ́ owó kámẹ́rà, kò sí ọ̀nà míì.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kà sí. Nítorí pé kò sí dígí tó ń gbàyè, àlàfo láàárín ẹnu kámẹ́rà àti sẹ́ńsọ̀ ti kúrú gan-an. Ti Canon EF, ẹnu DSLR, jẹ́ mìlímítà 44. Ti Sony E jẹ́ 18. Mìlímítà 26 ló ṣẹ́kù láàárín wọn, òrùka irin tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì sí gíláàsì kankan nínú rẹ̀ ti tó láti gbé lẹ́ńsì EF sórí Sony. Bákan náà ni lẹ́ńsì ayé fíìmù, tí a máa ń rí nínú àpótí àwọn ilé fótò tó ti kógbá sílé, ṣe lè padà sẹ́nu iṣẹ́. A ó máa fi ọwọ́ yí fókọ́ọ̀sì rẹ̀ ni, kámẹ́rà kò ní bá wa yí i. Fún fótò ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, kò sí lẹ́ńsì tí owó rẹ̀ rọrùn jù ú lọ.

Sẹ́ńsọ̀ àti ẹnu

Ìwọ̀n sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta ni ẹ óò máa bá pàdé lọ́jà. Full frame jẹ́ mìlímítà 36 sí 24. APS-C ti Sony, Nikon àti Fujifilm tó nǹkan bí 23.5 sí 15.6, ti Canon kéré sí i díẹ̀. Micro Four Thirds jẹ́ 17.3 sí 13. Bí a bá sọ gígùn di ìlọ́po ìbú, full frame fẹ̀ ju APS-C lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, APS-C náà sì fi bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún fẹ̀ ju Micro Four Thirds lọ. Sẹ́ńsọ̀ tó fẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, àwòrán rẹ̀ kì í sì í tètè ṣe ṣákaṣàka lálẹ́.

Síbẹ̀ n kò gba ẹni tí owó rẹ̀ kéré nímọ̀ràn láti máa lépa full frame. Bọ́dì full frame àtijọ́ lè ti já wálẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ wa tó o, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì rẹ̀ kò já wálẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ná gbogbo owó rẹ̀ sórí bọ́dì ńlá, tó wá fi lẹ́ńsì hẹ́gẹhẹ̀gẹ kan sẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó fi APS-C àti lẹ́ńsì gidi ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló gba owó oníbàárà.

Ẹnu kámẹ́rà ṣe pàtàkì ju orúkọ tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ lọ, nítorí òun ló ń sọ irú lẹ́ńsì tí a óò máa rà fún ọdún mẹ́wàá. Ẹ wo Canon EOS M50 ti 2018. Ọmọ kámẹ́rà dáadáa ni, ó ní ihò máìkì, sikírínì rẹ̀ ń yí síwájú, tòkúnbọ̀ rẹ̀ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n EF-M ni ẹnu rẹ̀, Canon sì ti pa ìlà EOS M tì ní 2023. Lẹ́ńsì EF-M kò lè wọ ẹnu RF ti àwọn Canon tuntun, ti RF náà kò lè wọ tirẹ̀. Ẹni tó bá rà á, kí ó mọ̀ pé òpópónà tí kò já síbì kankan ni òun wà; bí iye rẹ̀ bá rẹlẹ̀ tó, ìyẹn lè má burú. Ẹnu E ti Sony àti Micro Four Thirds ni lẹ́ńsì pọ̀ fún jù lọ́wọ́ àwọn tó ń tà tòkúnbọ̀. Ẹnu RF ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrú ní ti àwọn tí owó wọn kò pọ̀: 2024 ni Sigma tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe lẹ́ńsì APS-C fún un.

Bí fídíò bá wà nínú iṣẹ́ náà

Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Àwòrán ni apá kan fídíò, ohùn ni èkejì, ohùn yìí gan-an sì ni àwọn tó ń ra kámẹ́rà kì í béèrè. Máìkì tí wọ́n kàn mọ́ inú bọ́dì a máa gbọ́ gbogbo nǹkan: fáànù òkè àjà, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé, ìka ayàwòrán fúnra rẹ̀. Ohùn alága ìdúró kò ní í yọ dáadáa nínú gbogbo ìyẹn.

Sony A6000 ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn láti fi kọ́ni. Ó jáde ní 2014, bọ́dì rẹ̀ nìkan jẹ́ dọ́là 650 nígbà náà. Mẹ́gápíksẹ́lì 24, fótò 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fókọ́ọ̀sì tó yára. Fún fótò nìkan, n kò rí ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi kọ tòkúnbọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n kò ní ihò máìkì, kò gba 4K, fídíò rẹ̀ a sì dáwọ́ dúró bó bá ti tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 29. Ọ̀nà àbùjá wà fún ti ohùn: ẹ fi máìkì kékeré sára ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí fóònù àpò rẹ̀ máa gba ohùn sílẹ̀, kí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà, ibi tí àtẹ́wọ́ náà ti dún lẹ óò fi so ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán nígbà tí ẹ bá ń tò ó. Fún fíìmù kékeré tí ẹ̀yin fúnra yín ń darí, ó ń ṣiṣẹ́. Níbi ìgbéyàwó ńkọ́? Ta ni yóò sọ fún àwọn òbí ìyàwó pé kí wọ́n dúró ná, a fẹ́ pàtẹ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 29 yìí ní ìtàn. Nígbà kan rí, òfin owó ibodè ilẹ̀ Yúróòpù máa ń ka kámẹ́rà tó bá lè gba fídíò fún ìṣẹ́jú 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí kámẹ́rà fídíò, owó ibodè rẹ̀ sì ga ju ti kámẹ́rà fótò lọ nígbà náà. Àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà bá dín in kù sí ìṣẹ́jú 29 àti ìṣẹ́jú àáyá 59. Nítorí náà, kámẹ́rà kan náà tó wá láti London lè máa dá iṣẹ́ dúró nígbà tí èkejì rẹ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà kò ní dúró. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí gbọ́dọ̀ béèrè èyí kó tó sanwó. Sony A6400 ti 2019 àti ZV-E10 ti 2021 kò ní òdiwọ̀n yẹn. Ooru ni tiwọn: bí wọ́n bá ń gba 4K nínú oòrùn, wọ́n lè gbóná kí wọ́n sì kú fúnra wọn. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yí òdiwọ̀n ooru sókè nínú mẹ́nù, kí ẹ sì fa sikírínì kúrò lẹ́yìn bọ́dì kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “4K” tí wọ́n kọ sára páálí tàn wá. M50 tí a dárúkọ ń gba 4K lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gé etí àwòrán kúrò lọ́pọ̀lọpọ̀, fókọ́ọ̀sì rẹ̀ tó já fáfá kì í sì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí 1080p ni iṣẹ́ yín, kò burú. Canon R50 ti 2023 kì í gé tirẹ̀. ZV-E10 ń gé díẹ̀ bó bá ń gba férémù 30, ó ní ihò máìkì àti ihò tí a fi ń gbọ́ ohùn lẹ́nu iṣẹ́; ihò kejì yìí ni R50 kò ní. R50 ní ihò ìwòran, èyí tí ZV-E10 kò ní, ẹni tó bá ti ya fótò lọ́sàn-án gangan lábẹ́ oòrùn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Méjèèjì kò ní ẹ̀rọ tó ń mú sẹ́ńsọ̀ dúró bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n. Panasonic G85 ti 2016, tí wọ́n ń pè ní G80 ní Yúróòpù, ní in, ó sì ní 4K àti ihò máìkì, ṣùgbọ́n fókọ́ọ̀sì rẹ̀ a máa táràrà nínú òkùnkùn nígbà fídíò. Ẹni tó bá lè fi ọwọ́ yí fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, G85 yìí ni mo máa kọ́kọ́ tọ́ka sí fún un bó bá jẹ́ fíìmù kékeré ló fẹ́ ṣe. Ẹni tó máa dá nìkan jókòó síwájú kámẹ́rà rẹ̀, Sony tàbí Canon ni kó wá.

Iná mànàmáná náà ń bá fídíò jà. Ní Nàìjíríà, bíi ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Gẹ̀ẹ́sì, iná ìlú jẹ́ 50 Hz, gílóòbù sì ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kò rí i, kámẹ́rà rí i: ìlà dúdú á máa rìn lójú àwòrán. Ẹ fi ṣọ́tà sí 1/50 tàbí 1/100, kí férémù kọ̀ọ̀kan lè kó ìṣẹ́jú iná tó pé pérépéré. Kámẹ́rà tó wá láti Amẹ́ríkà, níbi tí iná ti jẹ́ 60 Hz, sábà máa ń wà lórí 1/60 láti ilé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹrù ti wúwo fún kì í dúró lójú 50 géérégé, nítorí náà ìlà lè ṣì yọ díẹ̀. Iná bátìrì tiwa ló ń gbà wá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò káàdì. Fídíò 4K tó ń lọ ní 100 Mb/s ń kọ 12.5 MB sórí káàdì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí 8 bit ló wà nínú byte kan. Ní wákàtí kan, ó di 45 GB. Ayẹyẹ wákàtí mẹ́rin tí a kò dáwọ́ dúró ń lọ sí 180 GB. Káàdì tó ní àmì V30, tó ń ṣèlérí 30 MB/s ó kéré tán, tó fún iṣẹ́ yìí. Kò sí ìdí láti sanwó V90. Ayédèrú káàdì ló yẹ ká bẹ̀rù. Òmíràn á ní òun jẹ́ 128 GB, inú rẹ̀ kò sì ju 16 lọ. Ẹ fi ètò kọ̀ǹpútà H2testw, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kọ ọ́ kún títí dé òpin kí ẹ tó gbé e lọ síbi iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

Lẹ́ńsì

Lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà wá nínú páálí, bíi 16-50 ti Sony, ń ṣí dé f/3.5 níbi tó fẹ̀, ó sì ń fún dé f/5.6 bí a bá fà á jáde. Lẹ́ńsì 50 mm f/1.8 kì í fà, kì í sún. Kí ló wá fi yẹ ní rírà? Ìdáhùn wà nínú ìṣirò: ẹ pín 5.6 sí ọ̀nà 1.8, kí ẹ sọ èsì náà di ìlọ́po ara rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9.7. Èyí ni pé ní gbọ̀ngán alẹ́ kan náà, pẹ̀lú ṣọ́tà 1/100, ibi tí lẹ́ńsì páálí ti nílò ISO 12800, f/1.8 kò nílò ju nǹkan bí 1250 lọ. Ní 12800, ojú ènìyàn dúdú tó jókòó síbi tí iná kò dé á kún fún hóró hóró, àwọ̀ aṣọ òfì á sì ṣá. Ní 1250, ó mọ́ lóló. Kò sí bọ́dì tuntun tí iye owó lẹ́ńsì yẹn lè rà tó máa mú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Ní ti ẹnu E, Sigma 30 mm f/1.4 ti 2016 náà wà, ó sì gba ènìyàn mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ nínú fótò kan ju 50 lọ.

Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé kí bọ́dì má ṣe jẹ ju ìdajì gbogbo owó lọ. Ẹni tó ń ya fótò, kí lẹ́ńsì kó èyí tó pọ̀ jù nínú ìdajì kejì. Onífídíò gbọ́dọ̀ bu tiẹ̀ fún máìkì àti ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ná, kó tó ronú lẹ́ńsì kejì.

Títẹ tòkúnbọ̀ wò

Bóyá Otigba ní Ìkẹjà lẹ lọ ni, tàbí ọwọ́ ẹnì kan ládùúgbò lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ mú káàdì tiyín, máìkì kan àti tọ́ọ̀ṣì dání, kí ẹ sì lọ lọ́sàn-án. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá ní kí ẹ má yọ lẹ́ńsì, ẹ kí i pé ó dàbọ̀.

Mẹ́nù ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Kámẹ́rà Sony tí wọ́n ṣe fún ọjà Jápáànù nìkan sábà máa ń sọ èdè Jápáànù nìkan, kò sì sí èdè míì tí a lè yàn. Ìdí rèé tí iye rẹ̀ fi ń rẹlẹ̀ nígbà míì. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ lẹ́ńsì, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn rẹ̀. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Èébu, tó máa ń ta gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sínú gíláàsì níbi tí ọ̀rinrin bá ti pọ̀, kì í jáde bọ̀rọ̀, a sì máa jẹ ojú gíláàsì. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ fi ìdérí bo lẹ́ńsì, kí ẹ ya fótò kan fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ sì fẹ̀ ẹ́ wò: àmì funfun, pupa tàbí àwọ̀ aró tó bá dúró lójú kan nínú òkùnkùn jẹ́ píksẹ́lì tó ń ṣàìsàn. Ẹ ya ojú ọ̀run ní f/16 kí ẹ lè rí eruku ara sẹ́ńsọ̀. Ẹ ki máìkì bọ ihò rẹ̀, kí ẹ mì ín díẹ̀ bí ó ti ń gba ohùn sílẹ̀. Ihò tó ti yẹ̀ á máa dún kẹrẹkẹrẹ. Ẹ wá ní kí oníṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ dúró sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, kó máa rìn bọ̀ lọ́dọ̀ yín bí fídíò ti ń lọ. Bí fókọ́ọ̀sì bá fi ojú rẹ̀ sílẹ̀ tó lọ dì mọ́ àwọn páálí ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe níbi ìnáwó.

Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ bọ́dì gbọ́dọ̀ bá ti páálí tàbí ti rìsíìtì mu. Bí kò bá sí páálí, tí kò sí rìsíìtì, tí iye rẹ̀ sì dùn jù, ẹ rántí pé kámẹ́rà tí wọ́n jí lọ́wọ́ ayàwòrán míì ní láti gba ibì kan dé ọjà.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kámẹ́rà kan ń gba 4K ní 60 Mb/s. GB mélòó ni ìwàásù ìṣẹ́jú 90 yóò gbà? Ṣé káàdì 64 GB kan tó?

2. Ìlọ́po mélòó ni ìmọ́lẹ̀ tí f/1.4 ń gbà fi ju ti f/4 lọ? Bí f/4 bá nílò ISO 6400, kí ni f/1.4 yóò nílò?

3. Wọ́n fi Canon M50 àti lẹ́ńsì EF-M méjì ta akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́rẹ. Ó ń ya fótò ìkómọjáde lọ́jọ́ Sátidé, ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe fídíò ìdáná fún YouTube. Ṣé kí ó tà á ni, àbí kí ó lò ó? Sọ ìdí rẹ, kí o sì ya ohun tí ó lè rà kún un sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí kò lè rà kún un.

4. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta kámẹ́rà, pẹ̀lú káàdì tìrẹ. Fi kámẹ́rà méjì tí iye wọn kò jìnnà síra gba fídíò ẹni kan náà, níbi kan náà, pẹ̀lú ṣọ́tà 1/50. Kọ ojú ìwé kan lórí èyí tí o máa rà àti iye tí ìwọ gan-an máa san, kì í ṣe iye tí wọ́n pè é.